Olóògbé Tó Ń Ta Kókó Ìlẹ̀kẹ̀

Kí Ọlọ́run Ọba má ṣe jẹ́ kí ebi pa wá dé ibi tí a ó ti gbé ìyá ẹni lé àtẹ. Ẹ má yára ṣe àmín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò tíì kàn ní í máa ní, "Ta ló jẹ́ dán irú ẹ̀ wò?" Azeemah náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, Àlímọ̀t Àǹkẹ́, ìyá rẹ̀, jókòó lórí ẹní tó fi kírun àsùbáà, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ó ń ta kókó. Yàrá òkè ni wọ́n ń gbé nínú ilé ẹbí wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé àtijọ́ tó jẹ́ pé pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ òkè rẹ̀. Pákó náà ti lanu káàkiri. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá já bọ́, yóò yí gbirigbiri, yóò wá ojú ihò kan, ó di yàrá Tèmilọlá nísàlẹ̀. Tèmilọlá, ọmọ Iléṣà tó ń bá wọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan, a máa ṣà wọ́n sínú ife, a sì gbé wọn gòkè wá. "Ìyá, òjò iyùn tún rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi o." Ìyá yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Òjò ọrọ̀ ni, ọmọ mi. Ó kàn ṣi ilé yà ni."

Azeemah ló ń ra ìlẹ̀kẹ̀, òun ló ń to àwọ̀ mọ́ àwọ̀, òun ló ń sín in: ti ọrùn, ti ọwọ́, ti ìdí, títí kan yẹtí. Ṣùgbọ́n kókó ìparí, ti Ìyá ni. Bí Azeemah bá ta á, yóò yọ̀. Bí Ìyá bá ta á, okùn yóò já kí kókó tó tú. Ìyá yóò fi àbẹ́là pa ojú okùn, yóò ṣe Bísímílà, yóò béèrè orúkọ ẹni tó ni ín, yóò fi orúkọ náà ṣe àdúà bíńtín, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi eyín ẹ̀gbẹ́ gé okùn. Bí wọ́n ṣe fi kọ́ òun náà nìyẹn. A kì í so ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀.

"Ta ló ni eléyìí?" Ìyá gbé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí aláwọ̀ ewé kan sókè.

"Màámi, mo ti sọ fún yín. Ọjà orí fóònù ni. Òyìnbó kan ni, àbí ọmọ wa kan tó wà lọ́hùn-ún."

"Kò lórúkọ?"

"Ó lórúkọ. A ò kàn mọ̀ ọ́n ni."

"Ẹni tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀, kí ni kí n pè é níwájú Ọlọ́run?" Ìyá mi orí. "Ó dáa. Ìránṣẹ́bìnrin Ọlọ́run tó wà lọ́nà jíjìn, kí ó fi ojú ayé ẹ̀ lò ó." Kẹ́ẹ́, ó gé okùn.

"Àmín," ni Azeemah wí. Kò wo ojú ìyá rẹ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí gáàsì wà, Jimoh ọkọ rẹ̀ jókòó ti àwo pẹrẹsẹ kan, ó ń ṣa ẹ̀wà. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní èbúté ni ẹ̀wà ṣíṣà ti di tirẹ̀. Haleem, ọmọ wọn, ti lọ sí ilé kéwú. Jimoh kò gbójú sókè.

"O ti sọ fún wọn?"

"Mo fẹ́ ní kí wọ́n lọ bá mi ra edé lọ́jà Sandgrouse."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Mo ní, o ti sọ fún ìyá ẹ pé o ti pa wọ́n?"

Azeemah yára bojú wẹ̀yìn. "Bàbá Haleem, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀. Ta ni mo pa? Ọ̀rọ̀ orí fóònù lásánlàsàn."

"Ọ̀rọ̀ lásán kẹ̀? Ẹyin lohùn, Azeemah."

"Tó bá jẹ́ ẹyin ni, ẹ̀yin náà ti bá mi dín in jẹ."

Òkúta kan bọ́ sí Jimoh lọ́wọ́ láàárín ẹ̀wà, ó jù ú nù.

Àṣàjọ ni orúkọ ọjà náà. Kì í ṣe ọjà tí ẹnikẹ́ni ń gbé igbá wọ̀. Ṣíṣà ni wọ́n ń ṣa oníṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀, bí Jimoh ṣe ń ṣa ẹ̀wà yẹn gan-an. Bí wọ́n bá ṣà ọ́, wọ́n á gbé iṣẹ́ rẹ síwájú àwọn tó lówó lókè òkun, wọ́n á yọ ìdá tiwọn, wọ́n á fi ìyókù ránṣẹ́. Bí wọn kò bá ṣà ọ́, ìwọ àti àwọn tó tẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ Ṣáínà sójú títì ní Ìdúmọ̀tà lẹ jọ ń jà du ẹni tó ń kọjá. Òótọ́ ni Azeemah kọ́kọ́ kọ ránṣẹ́ sí wọn: ìyá mi ló kọ́ mi, àwa méjèèjì la jọ ń ṣe é. Wọ́n dá a padà. Ó tún un kọ, wọ́n tún dá a padà. Ìgbà tó yá ni Ọpẹ́yẹmí, ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣa oníṣẹ́ ọwọ́, pè é. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní iṣẹ́ yìí dára, àmọ́ iṣẹ́ tó dára pọ̀ nílẹ̀. Ìtàn ni àwọn kọ́sítọ́mà ń rà. Ìtàn wo ló wà nídìí tirẹ̀?

Azeemah wo páálí òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ̀ tó ṣófo lójú fèrèsé. Ó kọ ọ́ pé ìyá òun ti kú. Ó ní kókó tí olóògbé náà kọ́ òun ni òun fi ń rántí rẹ̀. Ó fi àwòrán ìyá rẹ̀ sí i, èyí tí wọ́n yà nígbà tí eyín rẹ̀ ṣì pé. Wọ́n gbà á lọ́gán. Wọ́n kọ "Ìyá Ni Wúrà" sókè rẹ̀ gàdàgbà-gadagba, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà.

"Òògùn tí Màámi ń lò, níbo lẹ rò pé ó ti ń wá?" Azeemah ń sọ̀rọ̀ láàárín eyín. "Gáàsì tó wà nílẹ̀ yìí ńkọ́? Nígbà tí owó àkọ́kọ́ wọlé tí mo ra bàtà fún yín, mi ò gbọ́ kí ẹ bi mí pé òkú ta ló rà á."

Jimoh wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà náà ló wọ̀.

"Àwọn Ọpẹ́yẹmí ń bọ̀ wá ya àwòrán ilé lónìí. Wọ́n fẹ́ gbé mi síwájú ọjà fún àsìkò ọdún. Bí wọ́n bá bá Màámi níbí, òpùrọ́ ni mo dà nìyẹn, wọ́n á lé mi. Tí wọ́n bá ti lé mi, ẹ máa ṣa ẹ̀wà lọ, ẹ ò ní rí nǹkan sè é."

"Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà..." ni Jimoh wí. Kò sọ pé ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ó bu omi sórí ẹ̀wà.

Ìyá mu ògì, ó fi ọ̀lẹ̀lẹ̀ díẹ̀ sí i, ó ṣẹ́ èyí tó kù sílẹ̀ de Haleem. Nígbà tí Azeemah rán Ìyá níṣẹ́, Ìyá fi ojú wá ojú rẹ̀.

"Edé wo ló tún tán? Àná ni mo rí edé nínú agolo."

"Kò ní tó ọbẹ̀, Màámi. Ẹ yà kí Ìyá Rájí ọ̀rẹ́ yín lọ́jà, ẹ bá wọn jẹun ọ̀sán. Ẹ má wulẹ̀ kánjú bọ̀."

"Kí n má kánjú bọ̀?" Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Jimoh, ìyàwó rẹ fẹ́ fẹ́ ọkọ kejì lónìí o. Má ṣe jìnnà sílé."

Jimoh kò rí ẹ̀rín rín.

"Ẹ fi tẹ̀súbà yín sílẹ̀," ni Azeemah wí. "Okùn ẹ̀ ti gbó. Kí ẹ tó dé, mo ti fi tuntun sí i."

Ìyá dúró. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti rà á bọ̀ láti Mẹ́kà, tẹ̀súbà yẹn kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ àfi bí ó bá ń wẹ̀. "O ò lè ta kókó ẹ̀, ọmọ mi."

"Ẹ̀yin náà lẹ máa ta á tí ẹ bá dé."

Ìyá tẹ́ ẹ sórí ẹní jẹ́jẹ́. Ìka lásán ló fi ń ka orúkọ Ọlọ́run bó ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, Àdíját tó ń ta yìnyín gbé ìdérí kúlà rẹ̀ dání, ó ń wo Ìyá títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Tèmilọlá ń de bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àǹtí Àdíját, ẹ̀yin lẹ dàgbà sí àdúgbò yìí. Ṣé ìyá méjì ni Ìyá Haleem ní ni?"

"Ìyá méjì báwo? Àlímọ̀t yìí ló bí i. Mo wà níbi ìsọmọlórúkọ ẹ̀, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà."

"Ẹ wò ó." Tèmilọlá na fóònù sí i. "Ọ̀gá mi ló fi hàn mí. Ó ní ṣé kì í ṣe ilé wa nìyí. Wọ́n ní Ìyá kú lọ́dún tó kọjá, kí ọdún Iléyá tó dé."

"Kí Iléyá tó dé?" Àdíját pàtẹ́wọ́. "Iléyá tí Ìyá bu ẹran itan fún mi! Ẹran òkú ni mo jẹ?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò gùn. Àdíját pa ìdérí dé lórí yìnyín rẹ̀, ó wo fèrèsé òkè, ó rọra sọ pé, "Ó dáa, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí áńgẹ́lì ka ohun tí a kọ."

Ní Sandgrouse, ọjà ti gba ẹsẹ̀ kún. Ariwo àwọn tó ń pe èrò l'Ọ́báléndé ń ta sí wọn látòkèèrè. Bilqis, ìyàwó Rájí, ló jókòó ti edé, ó ń fi agolo wọ̀n ọ́n fún oníbàárà kan. Àlímọ̀t Àǹkẹ́ dúró lẹ́yìn oníbàárà náà, ó ń retí kí ó kan òun. Nígbà tí ó kàn án, Bilqis gbójú sókè pẹ̀lú ẹ̀rín ọjà lẹ́nu, ẹ̀rín náà sì dúró síbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn.

Agolo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Edé dà.

"Áúsù bílláì!"

"Bilqis, kí ló ṣe ọ́? Èmi ni. Ìyá Azeemah."

"Mo mọ̀ yín, Ìyá." Bilqis ti dìde, ó ti fi ìjókòó sáàárín òun àti Ìyá. "Mo mọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún mọ́ mi. Oyún wà nínú mi."

Àwọn tó wà nítòsí yíjú. Ẹni kan bi ẹnì kejì, ẹnì kejì bi ẹ̀kẹta. Obìnrin alátà rodo tó wà lódì kejì dìde, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ìyá kò mọ ohun tí ó tún lè ṣe, ó na owó síwájú, bí ẹni pé bí wọ́n bá gbà á, gbogbo rẹ̀ yóò padà bọ̀ sípò. Ọwọ́ kankan kò jáde.

"Ẹ má gbà á o," ẹnì kan wí lẹ́yìn. "Owó àkúdàáyà kì í sùn nílé ẹni."

"Ó dà bíi pé kò mọ̀ pé òun ti kú," ẹlòmíràn wí, pẹ̀lú ohùn àánú. Ohùn àánú yẹn ló ba Ìyá lẹ́rù jù. Ó wo ilẹ̀. Òjìji rẹ̀ wà níbẹ̀, ó kúrú, ó sún mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ó tún un wò.

Ìyá Rájí ló yọ láti ẹ̀yìn àpò ìrẹsì, ó ti ara àwọn ènìyàn kọjá. Ó kọ́kọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ó na ìka kan, ó fi kan ọwọ́ Ìyá, bí ẹni tó ń fi ìka kan ìkòkò bóyá ó gbóná. Ọwọ́ náà gbóná. Ó dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún.

"Àǹkẹ́, wọ́n ní o ti kú. Àná ni Bilqis fi hàn mí, ó sì ti lé lọ́dún tí a ti ríra gbẹ̀yìn. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni mo fẹ́ wá kí ọmọ ẹ kú ọ̀fọ̀."

"Ta ló ní mo kú?"

Ìyá Rájí gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó gbé e wá. Àlímọ̀t wo àwòrán ọmọge kan tí eyín rẹ̀ pé, tó so iyùn mọ́rùn. Ó mọ iyùn náà. Òun ló ta kókó rẹ̀.

"Ta ló kọ ọ́?"

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ kò lè sọ fún ọ̀rẹ́, orúkọ ọmọ ló wà nínú rẹ̀.

"Mo ti dín àkàrà ẹ," ni Ìyá Rájí wí níkẹyìn, bí ẹni tó ń tọrọ ìdáríjì. "Láàárọ̀ yìí. Mo ti pín in ká ọjà. Gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ ló ní kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún ọ." Ó mú èyí tó kù wá nínú bébà ìwé ìròyìn. Àlímọ̀t gbà á. Òróró ti mú bébà náà. Ó wé e dáadáa, ó fi sínú àpò, níbi tí edé ìbá wà.

Kò wọ kẹ̀kẹ́. Ó rìn. Ó kí ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe, ọkùnrin náà kò gbọ́. Ó kí obìnrin kan tó ń fọ abọ́ lójú gọ́tà, ìyẹn náà kò gbójú sókè. Ní ọjọ́ mìíràn ì bá ti ní ọmọ Èkó kò lẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Lónìí, ó fi ọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, ó tẹ́tí sí i, kí ó tó máa lọ.

Àwọn àlejò ti wà nínú ilé. Ọpẹ́yẹmí bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn bí ẹni tó wọ ilé ọ̀fọ̀. Kọ́lápọ̀, tó ń ya àwòrán, kúnlẹ̀ ti ẹní Ìyá, ó ń ya tẹ̀súbà, ó ń ya èérún àbẹ́là, ó ń ya ibi tí ara Ìyá ti tẹ ẹní wọlé.

"Ẹ ò ká ẹní wọn láti ọdún tó kọjá?" ni Kọ́lápọ̀ béèrè.

"Ọwọ́ wa ò gbà á," ni Azeemah dáhùn.

"Ẹ kú ìfaradà, mà," ni Ọpẹ́yẹmí wí. Omi ti dúró sójú rẹ̀. Omijé òtítọ́ ni, kí a má purọ́ mọ́ ọn. "Ẹ mú ìlẹ̀kẹ̀ kan dání. Ẹ wo ẹní yẹn. Kí ẹ wò ó bí ẹni pé ẹ ń retí wọn."

Azeemah mú ìlẹ̀kẹ̀. Ó wo ẹní. Ó ń retí ní tòótọ́: ó ń retí kí ìyá òun má tíì dé.

"Àsàláàmù àláékúmù."

Ìyá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, àpò lọ́wọ́. Jimoh, tó fara ti fèrèsé, la ẹnu, afẹ́fẹ́ ló jáde. Nínú ilé tí wọ́n ti ń kírun láti ayé baba ńlá wọn, sàláàmù Ìyá rọ̀ sójú afẹ́fẹ́, kò rí ẹni gbà á. Kọ́lápọ̀, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ló wá sọ pé, "Ẹ káàbọ̀, mà."

Ọpẹ́yẹmí yíjú. "Ẹ kú ọ̀sán, mà. Wọ́n mà jọ olóògbé o! Ta ni Màmá yìí?"

Jimoh wo ìyàwó rẹ̀. Ìyá náà wò ó. Ojú Ìyá kò bínú; ó kàn dúró, ó ń retí, bó ṣe máa ń retí orúkọ kí ó tó ta kókó.

"Aládùúgbò wa ni," ni Azeemah wí.

Ẹ̀fúùfù gbá fèrèsé, ó padà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Ìyá wí. "Aládùúgbò ni mí. Mo mọ ìyá ẹ̀ dáadáa."

"Ẹ̀ẹ́, Ọlọ́run ṣeun!" Ọpẹ́yẹmí fi ọwọ́ méjèèjì bo àyà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa wọn? Kọ́lápọ̀, gbé e sí fídíò."

Ìyá bọ́ bàtà. Ó yí sí Azeemah, ó fi ohùn tí àlejò fi ń béèrè omi sọ pé, "Ọmọ, ṣé o yọ̀ǹda kí n jókòó sórí ẹní ìyá ẹ?"

Azeemah mi orí. Ìyá jókòó. Ara rẹ̀ bọ́ sí ojú ibi tó tẹ̀ náà rẹ́gí, bí ìdérí ṣe ń bá ìkòkò rẹ̀ mu. Ó mú tẹ̀súbà. Okùn rẹ̀ kò gbó rárá. Ó pa ojú dé, ó gbé ohùn sílẹ̀, ohùn tí wọn kò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀, ó ní:

"Àǹkẹ́ o, Àlímọ̀t Àǹkẹ́,
ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí omi yí ká tí kò bá omi lọ,
ọmọ atakókó-má-tú,
ọmọ afeyín-gékùn-bí-ọ̀bẹ.
Ó ta kókó fún ìyàwó, ìyàwó gbọ́mọ pọ̀n,
ó ta kókó fún àbíkú, àbíkú jókòó ti ìyá rẹ̀.
Ó bí ọmọ kan ṣoṣo gíro, ó fi iyùn wé e nídìí,
ó ní lọ́jọ́ tí ebi bá dé, kí ó tú u tà.
Ebi dé, ọmọ tú u tà.
Ebi tún dé, ọmọ wo ìdí, ìdí ṣófo,
ọmọ wo ọrùn, ọrùn ṣófo,
ó wẹ̀yìn wò, ó rí ìyá.
Àǹkẹ́, sùn-ún re.
Má jẹ ọ̀kùn, má jẹ ekòló,
ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́jà
ni kí o máa bá wọn jẹ."

Ọpẹ́yẹmí ń fi ìbòrí nu ojú. "Ó wọni lára," ló ń wí, "ó wọni lára gan-an." Kọ́lápọ̀ ti gbé kámẹ́rà kúrò lójú. Ó wo Ìyá, ó wo àwòrán ọmọge tí eyín rẹ̀ pé lára ògiri, ó wo Azeemah. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn kámẹ́rà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá tọwọ́-tẹsẹ̀. "Ẹ ó pẹ́ fún wa, mà."

Ìyá kò ṣe àmín.

Ọpẹ́yẹmí di Azeemah lọ́wọ́ mú lórí àtẹ̀gùn. Ó ní kò sí tàbí-ṣùgbọ́n mọ́, iwájú ọjà ni wọn yóò gbé e sí, fídíò Màmá aládùúgbò ni yóò ṣíwájú. Ó ní ìrọ̀lẹ́ yìí gan-an ni. Azeemah dúpẹ́ títí wọ́n fi wọ mọ́tò. Àdíját ń wò ó látẹ̀yìn kúlà. Kò kí i. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojoojúmọ́ ayé ni Àdíját ń kí ènìyàn, yálà ó rà tàbí kò rà.

Nígbà tí Azeemah gòkè padà, Jimoh ti kúnlẹ̀ síwájú Ìyá. "Ìyá, ẹ forí jì wá. Ìyá, ẹ wí nǹkan. Ẹ bú wa." Ìyá kọjú sí ògiri níbi tí wọ́n ń kọjú sí kírun. Azeemah bu ẹ̀wà sínú abọ́ ìyá rẹ̀, ó da epo sí i bí ìyá rẹ̀ ṣe fẹ́ràn rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀.

"Màámi, ẹ ò tíì jẹun ọ̀sán."

Ìyá ṣí àpò. Ó yọ bébà tí òróró ti mú, ó tú u, ó gbé e síwájú ọmọ rẹ̀.

"Àkàrà kí nìyí?" ni Azeemah béèrè.

Ó wò ó, ó wo ọjọ́ orí ìyá rẹ̀ lára awọ ọwọ́ rẹ̀, ó wá mọ̀ pé àkàrà òkú àgbà ni. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ẹ̀wà tutù. Epo dì lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun alásárì, Jimoh dìde. Ó bọ́ bàtà tuntun náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ lásán ló fi lọ sí mọ́sálásí.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Gbin. Ó tún dún. Gbin, gbin. Ọjà ń wọlé bí òjò tó kọ́kọ́ ń kán kó tó dà. Azeemah jẹ́ kí ó máa dún. Lẹ́yìn náà ó gbá fóònù mú, ó ń wá nǹkan kan lórí rẹ̀, ó ń wá a pẹ̀lú ìkánjú bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ó rí i. Ó mú iyùn ọrùn kan tó ti sín sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti ẹní.

"Màámi, ẹ bá mi ta kókó eléyìí. Mo ti rí orúkọ ẹni tó rà á. Jóṣúà ló ń jẹ́. Ìyàwó ẹ̀ ló rà á fún. Ẹ ṣe àdúà fún un. Màámi, ó lórúkọ."

Ọwọ́ Ìyá wà lórí itan, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kọjú sókè, bíi ti ẹni tí wọ́n ti wẹ̀ tán.

Azeemah fi àbẹ́là pa ojú okùn fúnra rẹ̀. Ó ṣe Bísímílà. Ó wé okùn, ó ti ẹnu rẹ̀ bọ ojóbó, ó fà á, ó fi eyín gé e. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Kókó yọ̀.

Iyùn tú ká. Wọ́n yí gbirigbiri lórí pákó, wọ́n ń lọ sídìí ẹsẹ̀ Ìyá. Ìyá fa etí aṣọ rẹ̀ mọ́ra, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń yà fún àwọn tó ń kọjá. Wọ́n rí ojú ihò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, kó, kó, kó, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn tí kò kánjú.

Nísàlẹ̀, Tèmilọlá kò ṣe àwàdà òjò. Ohùn rẹ̀ gba àárín pákó gòkè, ó tín-ín-rín, bí ẹni tó ń bá àkúdàáyà sọ̀rọ̀.

"Ta ló wà lókè níbẹ̀?"

Azeemah la ẹnu. Ó wo ìyá rẹ̀.

Kò rí orúkọ dá.